Yàrá Aláràbarà ní Mùṣín

Ẹ jókòó dáadáa. Ìwọ, yọ nǹkan yẹn kúrò létí, n kì í bá ẹni tó di etí sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ pé Fàrúùkù ẹ̀gbọ́n yín ń bínú. Ó ní òun gba ilé tuntun ní Súrúlérè, òun fi mọ́tò gbé Màmá wá wò ó, Màmá ò yin òun. Ẹ jẹ́ kó máa bínú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ìyìn, ohun tó ṣeé yìn ni kó ṣe.

Bí mo ṣe wọlé, mo kọ́kọ́ rò pé ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé mi wá. Ògiri, àwọ̀ eérú. Àga, àwọ̀ eérú. Kọ́tìnì, eérú. Kápẹ́ẹ̀tì, eérú tí wọ́n ta funfun díẹ̀ sí. Mo ní, "Fàrúùkù, ta ló kú?" Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀, ọmọ dáadáa ni, n ò ní í bú u, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ah, Màmá, gíréè ló wà lóde báyìí o." Lóde ibo? Koríko oníke ń bẹ lára ògiri lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Koríko, ẹ̀yin ọmọ mi! Koríko tí àwa máa ń fi àdá ṣá kúrò lẹ́yìnkùlé kí ejò má baà sá pamọ́ sí i, òun ni wọ́n fi owó rà wọ pálọ̀. Wọ́n tún fi lẹ́tà igi kọ "ilé" lédè òyìnbó sókè ẹnu ọ̀nà. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n máa ń ṣìnà bọ̀ ni. Èso pupa kan wà nínú abọ́ lórí tábìlì. Ebi ń pa mí díẹ̀, mo mú un, mo gé e jẹ. Rọ́bà ni! Eyín tó ṣẹ́ kù sí mi lẹ́nu ò sì pọ̀ tó èyí tí mo lè fi ṣeré. Fàrúùkù gba èso náà lọ́wọ́ mi, ó dojú ibi tí mo ti gé e jẹ bolẹ̀ nínú abọ́, kó má baà hàn nínú fọ́tò.

Mo ní ta ló bá wọn to gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní obìnrin kan ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Mo ní ṣé obìnrin náà mọ̀ wọ́n ni. Wọ́n ní rárá, àwọn fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i ni, òun náà fi fọ́tò ránṣẹ́ padà. Mo ti rí oríṣiríṣi láyé, ṣùgbọ́n n ò tíì rí ibi tí ènìyàn ti ń háyà ẹlòmíràn kó wá bá a mọ ohun tó wu òun fúnra rẹ̀. Wọ́n mú mi dé ilé ọ̀rẹ́ wọn tó ń gbé lókè. Eérú náà ni, koríko náà ni, èso rọ́bà náà ni. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣì wọ ilé èkejì nírọ̀lẹ́, yóò bọ́ bàtà, yóò sùn lọ, kò ní í fura. Mo wá Fàrúùkù nínú ilé Fàrúùkù, n ò rí i. Ṣíọ̀!

Ẹ má rò pé ohun tí mò ń sọ ni pé ayé àtijọ́ jẹ́ àlùjánnà. Ilé tí mo gbé nígbà tí mo délé ọkọ ní Mùṣín, yàrá ń kọjú sí yàrá, ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń tò sí, ìdun inú bẹ́ẹ̀dì sì sanra ju àwọn tó ń sùn lé e lọ. Láàárọ̀, kí wọ́n tó pe ìrun tán ni garawa ti ń ró gbangan nídìí ẹ̀rọ omi, ẹnì kan ń fún afẹ́fẹ́ sí sítóòfù, fìì, fìì, fìì, ẹnì kan ń bá ọmọ jà torí ṣúgà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di ojú rẹ, tí wọ́n tì ọ́ wọ èyíkéyìí nínú àwọn yàrá yẹn, bí o ṣe ń ṣí ojú báyìí ni wàá mọ ẹni tó ni ín. Obìnrin Ṣakí kan wà tó fi kàlẹ́ńdà bo ògiri rẹ̀ láti òkè délẹ̀, èyí tí ọdún rẹ̀ ti kọjá ló tilẹ̀ pọ̀ jù, torí ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ wù ú. Ó sọ olúkúlùkù wọn lórúkọ, ó máa ń kí wọn pé ẹ káàárọ̀. Káfíńtà àpọ́n kan wà tó to àwo tánganran olódòdó sára pákó, kò jẹun nínú wọn rí. Ohun tó wuni ló ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Nígbà tí ìtúnu ààwẹ̀ bá ku díẹ̀, kálukú á po ẹfun, á da búlúù tí a fi ń fọ aṣọ sí i, gbogbo ọmọdé ilé á di aláwọ̀ sánmà láti ọwọ́ dé igbá àyà. Búlúù kan náà ni, ṣùgbọ́n kò sí yàrá méjì tó rí bákan náà, torí bí ọwọ́ ẹnì kan ṣe fúyẹ́ kọ́ ni ti ẹnì kejì ṣe fúyẹ́.

Lásísì bàbá yín àgbà, ọ̀dà mọ́tò ni ó ń fín, nínú ọgbà mẹ́káníìkì kan lápá ibi tó wá di Ládìpọ̀ lónìí. Èmi ń ránṣọ lọ́dọ̀ téèlọ̀ kan ní Yábàá, kò jìnnà sí Tejúoṣó. A ò ní nǹkan kan ju bẹ́ẹ̀dì, ẹní àti àpótí lọ. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni Lásísì ń gbé ìsàlẹ̀ agolo ọ̀dà bọ̀ nílé, èyí tó ṣẹ́ kù lára ọkọ̀ tí wọ́n fín tán, tí ọ̀gá rẹ̀ ń fẹ́ dà nù. Pupa mọ́tò ẹnì kan, àwọ̀ ewé mọ́tò dókítà kan, yẹ́lò takisí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ nílé ìyá mi, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aró ni wọ́n fi ń ra ara ògiri, ìyá mi á wá fi ìka fa ìlà sí i bí ìlà ara ẹní. Mo ní kí Lásísì fa ìlà bẹ́ẹ̀ yí yàrá wa ká. Ó ní, "Ìyẹn ò ní í pọ̀ jù báyìí?" Mo ní kó pọ̀ jù. Ó fà á. Òórùn ọ̀dà yẹn lé wa jáde, ọ̀dẹ̀dẹ̀ la sùn. Ọmọńlé kan lẹ̀ mọ́ ìlà yẹ́lò, nígbà tó já ara rẹ̀ gbà, ìrù rẹ̀ ṣẹ́ kù síbẹ̀, a ò yọ ọ́. Bí oòrùn bá wọlé láàárọ̀, yàrá yẹn á máa dán bí ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti èbúté dé. Mo máa ń dùbúlẹ̀, màá máa wò ó, màá gbàgbé pé ìdun ń jẹ mí.

Ẹ tún má rò pé ọ̀dọ́ òde òní ló bẹ̀rẹ̀ àfarawé. Ìyàwó láńlọ́ọ̀dù wa, Àlàájà, ló kọ́kọ́ fi ìwà yẹn hàn mí, kí n tó bí Kúdí ìyá yín. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń gbé Súrúlérè bá rà lòun náà ń rà. Àga alárán píǹkì wà ní pálọ̀ rẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í láti ṣọ́ọ̀bù ò kúrò lára rẹ̀ rí, kó má baà dọ̀tí. Lọ́jọ́ Iléyá kan, bàbá sísanra kan wá kí wọn láti Ìsẹ́yìn. Ooru mú, bàbá làágùn. Nígbà tó fẹ́ dìde, ọ̀rá dìde tẹ̀ lé e. Fààààrà! Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Bàbá rò pé ṣòkòtò òun ló ya, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ìdí, ó fẹ̀yìn ti ògiri rìn jáde. Káfíńtà àpọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú àwo rẹ̀ fi já bọ́. Àlàájà ò yọ ọ̀rá náà síbẹ̀síbẹ̀.

Ọjọ́ tí a sọ Kúdí lórúkọ ni Àlàájà kọ́kọ́ wọ yàrá wa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi etí ìborùn bo imú.

"Ìyá Ìkókó, yàrá rèé àbí ọkọ̀ akẹ́rù?"

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo gbé ọmọ lọ́wọ́, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Lọ́jọ́ kejì, Àlàájì ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́ pe Lásísì. Mo tẹ̀ lé e, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Lásísì, ta ló ní kó o fi ọ̀dà mọ́tò ba ilé mi jẹ́?"

"Ẹ má bínú, sà. Yàrá wa náà la ní ká tún ṣe."

"Yàrá ta ni? Ìwọ ló ni bẹ́ẹ̀dì inú ẹ̀, èmi ni mo ni ògiri. Ẹfun àti búlúù ṣeé fọ̀, ọ̀dà mọ́tò ò ṣeé fọ̀. Funfun ni mo kùn ún, funfun ni mo fẹ́ bá a. Kí ààwẹ̀ tó tán, ẹ kùn ún padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wá ilé lọ síbòmíì."

Ààwẹ̀ ti wọlé nígbà yẹn. Òjò sì ń rọ̀ lójoojúmọ́. Ta ni yóò gba tọkọtaya tó ní ìkókó lọ́wọ́, tí láńlọ́ọ̀dù tó lé wọn á máa bà lórúkọ jẹ́ káàkiri àdúgbò? Lásísì ra ọ̀dà funfun. Ó ní kí n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ obìnrin Ṣakí, kí n má baà rí i. N ò lọ. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń wò ó bó ṣe ń pa àwọn ìlà náà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kúdí ò sunkún lọ́jọ́ náà, èmi ni mo sunkún.

Lásísì ní, "Ìyá Kúdí, jọ̀ọ́. Ògiri lásán ni."

Mo ní, "Tó bá jẹ́ lásán ni, kí ló dé tí wọ́n ń torí ẹ̀ lé wa?"

Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó lóun làágùn ni.

Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, mo rí ègé aṣọ tí a máa ń gbá jọ sínú àpò lẹ́yìn tí a bá gé aṣọ tán. Wọ́n á kó o jáde, wọ́n á sun ún. Mo bi ọ̀gá mi, Àǹtí Bíntù, bóyá mo lè máa kó o lọ sílé.

"Kí lo fẹ́ fi àkísà ṣe?"

"Mo fẹ́ fi bo ògiri tí kì í ṣe tèmi ni, mà."

Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú, ó ní kí n máa kó o lọ. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọmọdé ni mí lóòótọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo lákìísà ju gbogbo àgbà Mùṣín lọ. Ègé léèsì ìyàwó tuntun wà níbẹ̀, ti aṣọ ilé ìwé wà níbẹ̀, áńkárá ẹlẹ́yẹ tí orí ẹyẹ rẹ̀ ti bá aṣọ lọ, tó ku ìrù. Aṣọ ọ̀fọ̀ dúdú kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Obìnrin Ṣakí ní èèwọ̀, kí n jù ú nù. N ò jù ú nù. Bí dúdú ò bá sí lábẹ́ yẹ́lò, báwo ni yẹ́lò ṣe fẹ́ pariwo? Ọwọ́ ni mo fi rán gbogbo rẹ̀, tí Lásísì bá ti ṣínu tán, títí oorun á fi gbé mi. Mo tò ó ní ìlà-ìlà bí ti ara ògiri ìyá mi. Ibi tí kò bá wù mí, mo tú u.

Lásísì ò kan ìṣó kankan. Ó ri ọ̀pá igi sínú agolo ọ̀dà ńlá, ó fi yẹ̀pẹ̀ àti sìmẹ́ǹtì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí igun yàrá, ó na okùn yí wọn ká. Aṣọ náà rọ̀ láti òkè dé ilẹ̀ yíká gbogbo yàrá, kò fara kan ògiri. Bí atẹ́gùn bá wọlé, gbogbo yàrá á mí.

Ó ku ọ̀la kí a túnu, Àlàájì dé lẹ́yìn ìrun àsárì, ó wá wo iṣẹ́. Àwọn ará ilé ti gbọ́ ìró bàtà rẹ̀, wọ́n ti kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ń díbọ́n bí ẹni tó ń wá àtùpà. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Ìyá Kúdí. Kí ni mo ní kí ẹ ṣe?"

"Ẹ ní kí a kun ògiri yín ní funfun, sà."

"Kí ni mò ń wò yìí?"

"Aṣọ wa ni, sà. Ẹ gbé e sókè, ẹ wo ògiri yín."

Ó gbé e. Ògiri funfun báláú. Ó gbé ti ẹ̀gbẹ́ kejì, funfun. Ó rìn yí yàrá ká, ó ń gbé etí aṣọ sókè bí ẹni tó ń wá adìẹ tó sọnù.

"Ìṣó ńkọ́?"

Lásísì ní, "A ò kan ìṣó, sà. Orí ilẹ̀ ló dúró sí."

"Ṣé ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Ká má rí i, sà. Àwa ò jẹ́ fọwọ́ kan ògiri yín mọ́."

Ẹnì kan rọra rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, káfíńtà ni. Àlàájì fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. Ó tún bàtà rẹ̀ wọ̀, ó ní, "Ẹ kú ìmúra ọdún," ó lọ. Obìnrin Ṣakí ló kọ́kọ́ pariwo ayọ̀. Èmi ń tún etí aṣọ tí Àlàájì dà rú tò.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó jù. Iléyá ti kọjá, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Àlàájì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, Àlàájà kanlẹ̀kùn, òun nìkan. Ó jókòó sórí ẹní mi, ó ń wo aṣọ náà. Ó ní:

"Báwo lo ṣe mọ èyí tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí?"

"N ò mọ̀ ọ́n, mà. Èyí tó bá ti wù mí ni."

"Tó bá wá wù ẹ́, tí kò wu àwọn èèyàn ńkọ́?"

"Wọ́n á máa lọ sílé wọn, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. N ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé náà. Ó wá rọra ní, "Kò sí ohun kan tó wù mí ní pálọ̀ mi. Píǹkì yẹn, ojú ló ń ro mí."

Ó mú àpò kan jáde lábẹ́ ìborùn. Aṣọ tirẹ̀ ni, èyí tó wọ̀ kó tó lọ́kọ, àti àjákù ìró ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ó ní kí n rán kékeré kan fún òun. Mo ní kó wá tò ó fúnra rẹ̀. Ó máa gbé ègé kan kalẹ̀, á wo ojú mi, á máa dúró kí n ní ó dára. Èmi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, kò wo ojú mi mọ́. Ó fi pupa ti aró, ó fi ìró ìyá rẹ̀ sí àárín, ó tò ó wọ́wọ́, kò jọ tèmi rárá. Ó dára ju tèmi lọ. Ohun tí mo kàn ṣe ni pé mo rán an.

Ó wá ní, "Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn iyàrá mi ni kó o bá mi kọ́ ọ sí. Tí ilẹ̀kùn bá ti wà ní ṣíṣí, kò sẹ́ni tó máa rí i."

Mo wò ó. Mo ní, "Kí ló dé, mà?"

Ó ní, "Ìwọ ò lè mọ̀."

Mo kọ́ ọ síbi tó ní kí n kọ́ ọ sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, mo wà nídìí ẹ̀rọ omi, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní pálọ̀ tó ń sọ fún àlejò pé, "Ẹ ò tíì rí yàrá ọkọ̀ akẹ́rù tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún!" Wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rá. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti ka obìnrin yẹn sí mọ́. Ẹni tó bá bẹnu àtẹ́ lu ohun tí kò mọ̀, aláìmọ̀kan ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó fẹ́ràn rẹ̀, tó ń bú u nítorí àlejò, kí ni ẹ máa pe ìyẹn?

Nígbà tí ọwọ́ wa lọ sókè díẹ̀, a kó jáde. Wọ́n wó ilé náà níkẹyìn, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Àlàájà bá àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Súrúlérè tó ń wù ú. Ẹ lọ sí Tejúoṣó lónìí, ègé aṣọ ń dínà fún yín, ọ̀dà oríṣiríṣi wà nínú agolo kékeré tí ọmọ ilé ìwé lè rà. Ohun tí àwa fi omijé wá, ẹ̀yin ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá lọ ra eérú. Ẹ má sọ fún mi pé kò sówó. Owó kọ́ lẹ ṣaláìní.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n ní Àlàájà kú. Mo ní kí Kúdí mú mi lọ kí wọn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó kéré jù ló gbà wá lálejò, obìnrin jẹ́jẹ́ kan. Mo ní kó jẹ́ kí n rí iyàrá tí ìyá rẹ̀ gbé. A wọlé, mo ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn wa, aṣọ tí mo bá a rán sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ náà ní, "Màmá, ẹ má wo ìyẹn o. Àkísà kan ni. Àìmọye ìgbà la ti fẹ́ jù ú nù, Àlàájà ò gbà. Nígbà tí ojú wọn fọ́ tán, wọ́n á ti ilẹ̀kùn báyìí, wọ́n á dúró síbẹ̀, wọ́n á máa fọwọ́ pa á lára. Tá a bá kanlẹ̀kùn, wọ́n á kọ́kọ́ padà lọ jókòó kí wọ́n tó dáhùn."

Àárín rẹ̀, níbi tí ìró ìyá rẹ̀ wà, ti fẹ́lẹ́ débi pé mo rí pákó ilẹ̀kùn nínú rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá rẹ ló ṣe é."

"Àlàájà wa?" Ó mi orí. "Rárá, Màmá. Àlàájà ò fẹ́ràn irú nǹkan báyìí."

Omi bọ́ lójú mi, n ò lè dá a dúró. Ọmọ náà gbá mi mọ́ra, ó ń pẹ̀tù sí mi nínú, ó ní kí n fi ṣe àmúwá Ọlọ́run, pé ìyá òun ti dàgbà kó tó lọ. Ó rò pé ẹkún ikú ìyá òun ni mò ń sun.

Ìbínú ni.